Gbèsè Fíríìjì Tí Kò Tutù Rí

Ọkọ mi kú tán, wọ́n tún ń kọ lẹ́tà sí i. Abẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ti èyí àkọ́kọ́ wọlé, ní òwúrọ̀ kan tí mò ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò fún oníbàárà kan tí ikùn rẹ̀ gùn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú un. Orúkọ ọkọ mi ló wà lára àpò ìwé náà gàdàgbà, wọ́n fi "Ọ̀gbẹ́ni" síwájú rẹ̀, bí ẹni pé inú yàrá ló wà tó ń wọṣọ lọ́wọ́. Ó kù díẹ̀ kí n pè é pé, "Ẹ wá o, wọ́n kọ lẹ́tà sí yín." Lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi.

Dẹ́rẹ́bà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi, nítorí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ló ń wà títí tó fi fẹ̀yìntì. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti ń lọ sí ọdún kẹfà tó ti fi mí sílẹ̀. Ilé tó fi mí sí kò tóbi: yàrá kan tí mò ń sùn sí, àti iwájú ilé tí mo ti ń ránṣọ. N kò rán aṣọ tuntun mọ́, ojú mi kò gbé e mọ́. Mò ń tún aṣọ ṣe ni. Èyí tó gùn, mo gé e. Èyí tó fún, mo tú u. Síìpù tó bàjẹ́, mo pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn aṣọ tí olówó wọn kò padà wá gbà ni mo fi kọ́ sára ògiri. Òmíràn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí Dẹ́rẹ́bà ti wà láyé. Mo máa ń kí wọn láàárọ̀. Àárọ̀ nìkan ni o, n kò tíì ya wèrè.

Gbèsè káàdì ni lẹ́tà náà ń sọ, káàdì báńkì tí wọ́n fi ń rajà láwìn. Mo ka iye tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo bú sẹ́rìn-ín. Fíríìjì ni. Fíríìjì tí kò tutù rí láyé rẹ̀ ti bí èlé, èlé ti bímọ, ọmọ náà sì ti fẹ́yàwó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ọdún díẹ̀ kí Dẹ́rẹ́bà tó kú, ó fi káàdì rẹ̀ ra fíríìjì ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Wọ́n gbé e wá, a fi iná sí i, ó ń kọrin láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, omi tí a gbé sínú rẹ̀ sì ń gbóná. Dẹ́rẹ́bà ní, "Sítóòfù ni wọ́n tà fún wa." Àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi ọkọ̀ ara wọn wá gbé e padà, wọ́n ní owó á padà sórí káàdì. Owó kò padà. Dẹ́rẹ́bà kọ̀wé sí báńkì pé òun kò ní í sanwó ohun tí kò sí nílé òun. Báńkì ní àwọn ti gbọ́. Ṣọ́ọ̀bù kógbá sílé. Báńkì dákẹ́, àwa náà dákẹ́. A rò pé ẹni tó bá ní òun ti gbọ́, ó ti gbọ́ náà nìyẹn. A kò mọ̀ pé wọ́n ti ta gbèsè yẹn fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ẹ gbọ́ mi o: àwọn ènìyàn kan wà láyé yìí tí wọ́n ń fi owó gidi ra gbèsè tó ti gbó. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Lẹ́tà náà ní bí Ọ̀gbẹ́ni kò bá dáhùn, àwọn á gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ lórí rẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa lọ, wọ́n á bá a níbi tó wà. Mo sọ lẹ́tà sínú dúrọ́ọ̀ tí mò ń kó bọ́tìnnì sí, mo padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Lẹ́yìn lẹ́tà kẹta ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọjọ́bọ̀ ni, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni mo gbọ́, ohùn tó rọ̀ bí òwú.

"Ẹ káàárọ̀ Màmá. Mò ń pè nípa ọ̀rọ̀ pàtàkì kan. Kì í ṣe láti dẹ́rù bà yín, a kàn fẹ́ rán yín létí ni. Ṣé mo lè bá Ọ̀gbẹ́ni sọ̀rọ̀?"

"O lè bá a sọ̀rọ̀, bí ohùn rẹ bá lè dé ọ̀run."

Ó ní, "Ẹ kú àráfẹ́rakù, Màmá."

"Ará ti fẹ́ra kù tipẹ́. Kí lo fẹ́?"

Ó sọ ohun tó fẹ́. Èmi náà sì sọ èyí tí mo ní lẹ́nu. Mo ní ṣé ojú kì í tì í ni, ọmọ tí wọ́n rán níléèwé tó wá ń fi ohùn dídùn sin òkú lówó. Mo ní ṣé ìyá rẹ̀ mọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun. Mo sọ gbogbo ohun tí n kò rí ẹni sọ ọ́ fún láti bí oṣù mẹ́ta. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo mí, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. A ó tún pè," ó sì pa fóònù.

Mo rò pé mo ti lé e lọ. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, fóònù tún dún.

"Ẹ káàárọ̀ Màmá. Mò ń pè nípa ọ̀rọ̀ pàtàkì kan."

"Ìwọ yìí, ṣé o ò gbọ́ gbogbo èébú tí mo bú ọ ni?"

"Mo gbọ́, Màmá. Ẹ mọ èébú bú. Mo sọ ọ́ fún àwọn tó jókòó tì mí níbi iṣẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí."

"Kí ló dé tí o tún pè?"

"Iṣẹ́ tiwa ò lójú, Màmá. Ẹni tí kò bá pè kò lè gbà. À ń pè ṣáá ni."

Bí mo ṣe sọ ọ́ ní Ọlọ́jọ́bọ̀ nìyẹn. Mo bú u ní Ọjọ́bọ̀ kejì, mo bú u ní ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n èébú mi ti ń tán. Ní ọjọ́ kan ó ní, "Màmá, kí ló ń dún lẹ́yìn yín yẹn?" Mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ ni, ẹsẹ̀ mi ló ṣì wà lórí rẹ̀. Mo fẹ́ dìde pa á, orúnkún fún mi ní tirẹ̀, mo kérora. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ló ṣe yín?" Mo ní orúnkún ni, ẹ̀rọ ti jẹ ẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ gbèsè ló bá mi sọ lẹ́yìn ìyẹn, bí ìṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọjọ́bọ̀ tún pé, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Màmá, orúnkún yín ńkọ́?"

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Èmi náà kì í sọ iye tí mo fẹ́ gbà kí n tó bi oníbàárà léèrè àlàáfíà ọmọ rẹ̀. Mo mọ̀, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Kò sẹ́lòmíràn tó ń bi mí léèrè orúnkún. Kó tó di aago mẹ́wàá Ọjọ́bọ̀, mo ti máa ń pa ẹ̀rọ mi, mo ti máa ń gbé fóònù súnmọ́ ọwọ́. Bí oníbàárà bá wọlé nígbà náà, mo máa ń ní kó lọ kó bọ̀.

Kí ẹ má baà rò pé n kò bímọ, mo bímọ o. Ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin. Òkun wà láàárín wa. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ó ń mówó wọlé dáadáa. Lóṣooṣù ló ń fi owó ránṣẹ́ sí mi, kì í yẹ̀. Bí owó bá ti wọlé, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ lé e: "Mo ti fi ránṣẹ́, Mọ́mì." Owó ń wá, ohùn kì í wá.

A kò jà. Ìjà ì bá sàn. Bí a bá jà ni, n óò wá àwọn àgbà ẹbí, wọ́n á pè é, wọ́n á ní kó bẹ̀ mí, èmi náà á wú díẹ̀ kí n tó ní mo ti gbọ́, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ta ni èèyàn ń fi ẹjọ́ ọmọ tí kò ṣẹ èèyàn sùn? Ọjọ́ tí a sin bàbá rẹ̀ ló wá sílé kẹ́yìn. Ó sunkún lọ́jọ́ náà débi pé n kò ráyè sun tèmi, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti ń kúrú láàárín wa, bí ìgbà tí wọ́n bá ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan náà lọ́dọọdún.

Mò ń tọ́jú owó sínú agolo bisikíìtì kan láti fi wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá a. Èyí tó ń fi ránṣẹ́ ni mò ń jẹ. Èyí tí mo bá rí lórí síìpù àti etí aṣọ ni mò ń sọ sínú agolo. Ìgbàkigbà tí mo bá sọ fún un pé mo fẹ́ wá, á ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ fúyẹ́ ná." Iṣẹ́ náà kò fúyẹ́ rí. Ṣùgbọ́n agolo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, mo sì ti sọ fún ara mi pé bó bá kún tán n kò ní í bèèrè mọ́, mo kàn máa gbéra ni. Agolo yẹn nìkan ni mo ní tó ń lọ síbì kan.

Òun náà ni Ọlọ́jọ́bọ̀ kò mọ̀ pé òun nawọ́ sí. Ó ní ilé-iṣẹ́ àwọn ti ṣe ètò kan: bí mo bá fi díẹ̀ sílẹ̀ báyìí, kí ó hàn pé a ní ọkàn rere, wọ́n á fagi lé ìdajì gbèsè Ọ̀gbẹ́ni, n óò sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Díẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ agolo mi látòkèdélẹ̀.

Ó yẹ kí n bú u. N kò bú u. Mo ní, "Má bínú, ọmọ mi. Mo gbọ́. N óò wá nǹkan ṣe sí i. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, n óò fi díẹ̀ ránṣẹ́."

Ó ní, "Màmá, ṣé ó dá yín lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú. Orúkọ Dẹ́rẹ́bà ni mo rò, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pe orúkọ rẹ̀ mọ́ gbèsè. Mo sì tún ro ohun mìíràn tí n kò lè sọ fún ènìyàn: n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi sú ọmọ náà, kó má pè mọ́.

Oníbàárà kan ló gbà mí. Mádàámù ni mò ń pè é; ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí àwọn aráàlú ti ń fẹjọ́ báńkì àti ṣọ́ọ̀bù sùn. Ó wá wọ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò. Ó gun orí àpótí, mo kúnlẹ̀ sídìí rẹ̀, mo kó píìnì sẹ́nu, mò ń ká etí síkẹ́ẹ̀tì náà sókè. Lẹ́tà wà lórí tábìlì níbi tí mo ti ń da nọ́ńbà tí n óò sanwó sí kọ. Ojú obìnrin náà kì í sinmi. Kí n tó wí pé kí ni, ó ti kà á tán.

"Màmá, ta ló ni gbèsè yìí?"

Mo yọ píìnì lẹ́nu. "Ọkọ mi ni. Fíríìjì ni."

Mo sọ ìtàn fíríìjì fún un. Ó ń mi orí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

"Ẹ ti san nǹkan kan?"

"Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ san."

"Ṣé ẹ sọ fún wọn pé ẹ máa san ni?"

"Mo ní kí wọ́n má bínú."

"Kí lẹ ń bẹ̀ wọ́n fún?"

"Kí la ó ti wí? Bí ẹnì kan bá ní a jẹ òun, ṣé ìyàn la ó máa bá a jà? Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ olówó."

Ó gbá orí mú. "Màmá, àwa nìkan la máa ń bẹ ẹni tí a ò jẹ! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ dìde, ẹ jókòó."

Orí àpótí níbẹ̀, pẹ̀lú apá kan síkẹ́ẹ̀tì tó ga tí apá kejì sì ń wọ́lẹ̀, ó là á yé mi. Gbèsè Dẹ́rẹ́bà kì í ṣe gbèsè mi, kò síbi tí mo ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ní a jẹ òun, òun ni yóò mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe àwa. Èyí tó wá wọ̀ mí létí jù ni pé gbèsè máa ń kú. Ó ní lábẹ́ òfin, bí ọdún mẹ́fà bá kọjá, tí olówó kò pe ẹjọ́, tí onígbèsè kò san nǹkan kan, tí kò sì gbà pé òun jẹ ẹ́, gbèsè náà ti kú nìyẹn, kò sí kóòtù tó lè fi gbà á.

"Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè san díẹ̀ péré, Màmá, bó ti wù kó kéré mọ, ó ti jí nìyẹn. Ọdún rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ìdí tí wọ́n fi ń tọrọ díẹ̀ yẹn nìyẹn."

"Tí mo ti wá ṣèlérí ńkọ́?"

"Ẹnu lásán ni. Ẹ ò fọwọ́ sí nǹkan kan, ẹ ò sì tíì sanwó. Ẹ gbé bírò wá."

Òun ló sọ ọ́, èmi ló kọ ọ́. Pé mo jiyàn gbèsè yìí. Pé kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Pé ẹni tí wọ́n ń wá ti kú, pé fíríìjì ti padà sílé olówó rẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn ni pé kí wọ́n má ṣe pè mí mọ́. Mo kọ ìyẹn náà. Nígbà tí Mádàámù lọ tán, mo tún lẹ́tà náà kà. Ìlà gbogbo ló dùn mọ́ mi àfi èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ó yẹ kí n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo fi í sábẹ́ ẹ̀rọ mi, mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la tún di ọ̀tunla, títí Ọjọ́bọ̀ fi pé.

"Ẹ káàárọ̀ Màmá. Orúnkún yín ńkọ́?"

"Ó sàn díẹ̀. Ọmọ mi, mo ní lẹ́tà kan níbí." Mo kà á fún un. Nígbà tí mo dé ìlà tó kẹ́yìn, mo gbé e mì.

Mo retí kó bínú. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ó ní, "Ta ló bá yín kọ ọ́?"

"Oníbàárà mi kan."

"Ó kọ ọ́ dáadáa. Ẹ fi ránṣẹ́, Màmá."

"Bí mo bá fi ránṣẹ́, mo fẹ́ mọ̀, ṣé o ò ní pè mọ́?"

"N kò ní lè pè mọ́. Ìlànà ni."

"Bí n kò bá wá fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

Lẹ́yìn rẹ̀ mò ń gbọ́ ohùn àwọn ẹlòmíràn, ogunlọ́gọ̀ ohùn, gbogbo wọn ń sọ pé àwọn ń pè nípa ọ̀rọ̀ pàtàkì kan. Ó gbé ohùn tirẹ̀ sókè, ohùn ọ́fíìsì: "Màmá, a ti gbọ́ pé ẹ jiyàn gbèsè náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa." Ó wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Ẹ fi ránṣẹ́ lónìí. Ẹ má san nǹkan kan. Ẹ sì máa fi omi gbígbóná jó orúnkún yẹn, ẹ má fi ṣeré."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. O ṣeun."

"Ó dàbọ̀, Màmá."

Kò ní àwọn á tún pè. Mo di fóònù mú sétí fún ìgbà díẹ̀ bóyá ó gbàgbé ni.

Mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Èsì kò pẹ́ kó tó dé, ìlà mẹ́ta péré: wọ́n ní àwọn ti pa ìwé gbèsè náà dé, àwọn kò sì ní í kàn sí mi mọ́. Mo jàre báńkì, mo jàre ṣọ́ọ̀bù. Mádàámù pàtẹ́wọ́ fún mi nígbà tó wá gba síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Agolo mi wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pa ẹ̀rọ mi kí aago mẹ́wàá tó lù. Mo ti gbé fóònù súnmọ́ ọwọ́ kí n tó rántí. Mo jókòó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé náà dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ bí aṣọ ṣe ń mì lára ògiri. Mo ti gbé àdáwà fún ọdún tó pọ̀, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n gbé. N kò mọ̀ pé irú rẹ̀ kan tún kù tí n kò tíì gbé.

Mo pe ọmọ mi, láti sọ fún un pé mo ti borí. Kò gbé e. Láìpẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: "Mo wà ní ìpàdé, Mọ́mì. Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo tẹ̀ ẹ́ padà pé, "Kò sí."

Ìka ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Mo wò ó títí. Gbogbo ohun tó wà nínú mi, mo ní kò sí. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Mádàámù padà wá bá mi. Olówó kò pe ẹjọ́, onígbèsè kò san nǹkan kan, ọdún mẹ́fà kọjá, ó ti kú. Mo ka ọdún tí a ti sin Dẹ́rẹ́bà. Ẹ̀rù bà mí gidi gan-an. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti dákẹ́ jù. Mò ń pe ìyẹn ní iyì àgbà.

Ọjọ́bọ̀ kejì, aago mẹ́wàá, mo pe ọmọ mi. Lọ́jọ́ yẹn ó gbé e kíákíá.

"Mọ́mì! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi yá."

"Kí ló wá dé?"

"Mò ń pè ni."

Ó ní òun wà níbi iṣẹ́, òun á pè mí padà. Kò pè. Ọjọ́bọ̀ tún pé, mo tún pè. Fóònù dún títí, ẹ̀rọ kan ní kí n sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ sílẹ̀. N kò mọ ohun tí èèyàn ń sọ fún ẹ̀rọ. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ: "Ẹ káàárọ̀. Mò ń pè nípa ọ̀rọ̀ pàtàkì kan. Kì í ṣe láti dẹ́rù bà ọ́, mo kàn fẹ́ rán ọ létí ni. Orúnkún ń dùn mí. Ìyàwó alágbàfọ̀ ìsàlẹ̀ ti bí ìbejì, ọkọ rẹ̀ sì ti ń sá fún ilé. A ó tún pè." Mo ní "a," bí ẹni tó ní ọ́fíìsì.

Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ dé nírọ̀lẹ́: "Mọ́mì, ṣé owó ò tó ni? Mo lè fi kún un."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo da fóònù bolẹ̀ lórí tábìlì, mo ní ó tán, n kò pè mọ́, ṣé èmi ni mo ń ṣagbe ni? Ọjọ́ bíi mélòó kan ni mo fi ń bá àwọn aṣọ ara ògiri jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, mo rántí ọmọ kan tí mo bú títí tí èébú fi tán lẹ́nu mi, tí kò sì jáwọ́. Mo pè. Mo sọ fún ẹ̀rọ rẹ̀ pé owó tó, pé agolo bisikíìtì mi ti kún, pé ìlẹ̀kẹ̀ bàbá rẹ̀—ẹ má rẹ́rìn-ín, ìlẹ̀kẹ̀ onígi tó máa ń fi kọ́ iwájú bọ́ọ̀sì rẹ̀—já lánàá, mo sì ń wá èyí tó yí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní a ó tún pè. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pè. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, mo pè. Kò gbé e. Mò ń rán an létí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mò ń fi síìpù sí búláòsì, fóònù dún. N kò retí ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ohùn rẹ̀ ni.

"Mọ́mì."

"Ta ló kú?" ni mo ní.

"Kò sẹ́ni tó kú." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò sì rẹ́rìn-ín náà. Mo gbọ́ ariwo ọkọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, bí ẹni tó dúró létí títì. "Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ sílẹ̀. Mi ò pa ìkankan rẹ́." Ó wá ní, "Orúnkún yín ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Mò ń fi omi gbígbóná jó o."

"Ìlẹ̀kẹ̀ dádì ńkọ́? Ẹ ti rí i?"

"Ó ku ẹyọ kan."

Ó tún dákẹ́. N kò sọ̀rọ̀ sí i. Mo ti kọ́ pé bí onígbèsè bá ń wá ọwọ́ sápò, a kì í dá a lọ́nà.

"Mọ́mì, owó inú agolo yẹn. Ẹ ti ná an?"

"Mi ò ná an."

Ohùn rẹ̀ di ti ọmọ kékeré. "Ẹ má ná an."

Kò ní kí n máa bọ̀. Kò dárúkọ oṣù, kò dárúkọ ọjọ́. Ó kéré, mo mọ̀ pé ó kéré. Ṣùgbọ́n Mádàámù ló sọ ọ́ lórí àpótí mi: bó ti wù kó kéré mọ, bí onígbèsè bá ti lè san díẹ̀, gbèsè ti jí nìyẹn, ọdún rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Omi ń bọ́ lójú mi sórí búláòsì olówó.

"Mọ́mì? Kí ló ń dún lẹ́yìn yín yẹn?"

Mo wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló ṣì wà lórí ẹ̀rọ.

"Ẹ̀rọ ni," mo ní. "Dúró, jẹ́ kí n pa á."